Iná Mẹ́ta Tó Ń Sọ Àlòkù Irin Di Irinṣẹ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Irin ìgbẹ́gi, àáké, ọ̀bẹ ọnà àti abẹ ìfági gbọ́dọ̀ la iná mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó lè gé igi bó ṣe yẹ. Iná àkọ́kọ́ ń mú irin rọ̀ kí òòlù lè fún un ní ìrísí. Ìkejì ń mú ojú rẹ̀ le. Ìkẹta, tó kéré jù lọ nínú wọn, ń bu díẹ̀ kúrò lára líle yẹn kí irin náà má baà kán. Ẹni tó bá mọ iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè rọ irinṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú èédú, àlòkù irin mọ́tò àti òòlù kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, bó tiẹ̀ ní irin tó dára jù lọ lọ́wọ́, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kú tàbí tí yóò kán lórí igi àkọ́kọ́ ni yóò rọ.

Iṣẹ́ igi kò tíì kúrò nílẹ̀ ní Ìgbayè, Òkukù àti Ìnísà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrò ní Ìkìrun tí kò jìnnà sí wọn. Àwọn káfíńtà ń kan òrùlé, wọ́n ń ṣe ilẹ̀kùn, ibùsùn àti àga. Ọwọ́ agbẹ́gi ni odó àti ọmọ odó ti ń wá, igi ọ̀mọ̀ sì wà lára èyí tí àwọn agbẹ́lù fẹ́ràn jù. Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú Lamidi Fakeye agbẹ́rè, kò jìnnà sí agbègbè yìí. Ní ibi iṣẹ́ ọnà tí Fáda Kevin Carroll bójú tó ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì láàárín 1947 sí 1954 ni Fakeye ti kọ́ṣẹ́ síwájú sí i lọ́dọ̀ Bandele, ọmọ Areogun ará Ọ̀sì, kó tó wá di olùkọ́ ọnà gbígbẹ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Yálà ère ni èèyàn ń gbẹ́ tàbí odó, ojú irin ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Èyí tó pọ̀ jù nínú irinṣẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí, òkè òkun ló ti ń wá. Àwọn tó dára nínú wọn wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní ojú rírọ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kan igi apá tàbí àyàn, ojú wọn á ti ṣẹ́po kí ọ̀sán tó pọ́n. Bẹ́ẹ̀ irin tó dára jù wọ́n lọ wà nílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nínú ìlú kan náà, tí òjò ń pa.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ilẹ̀ Yorùbá ń fojú sọ́nà fún irin òkèèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, àwọn baba ńlá ń yọ́ irin tiwọn láti inú òkúta àti yanrìn. Ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí tó máa ń ṣàn jáde lára irin nígbà ìyọ́rin, ṣì ń hú jáde nínú oko ní ọ̀pọ̀ ibi. Akin Ige àti Thilo Rehren ṣe àyẹ̀wò irú ibi ìyọ́rin bẹ́ẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2003: yanrìn dúdú àti òkúta onírin ni àwọn ayọ́rin ibẹ̀ lò. Ní Ìsúndunrin lẹ́bàá Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, iṣẹ́ ìyọ́rin ni wọ́n fi mọ ìlú náà láyé àtijọ́. Ní 1904, C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Èkó, kọ àkọsílẹ̀ nípa ilé ìyọ́rin kan ní agbègbè Ọ̀yọ́ tí iná rẹ̀ ṣì ń jó lójú rẹ̀. Nínú ààfin Ilé-Ifẹ̀, odidi irin ńlá kan wà ní ojúbọ Ògún Ládìn, ẹni tí ìtàn sọ pé ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ Odùduwà.

Irin ọ̀pá láti Yúróòpù ló pa iṣẹ́ ìyọ́rin náà. Ó dé lọ́pọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó wàhálà gígé igi, sísun èédú àti mímọ ìléru. Ìyọ́rin kú, ṣùgbọ́n irin rírọ kò kú. Alágbẹ̀dẹ kàn yí ojú kúrò lára òkúta onírin sí ohun tí mọ́tò àti rélùwéè fi sílẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Èyí gan-an ló mú kí iṣẹ́ yìí rọrùn fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé, torí ẹlòmíràn ti ṣe apá tó nira jù nínú rẹ̀ kí irin tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo irin ló lè ní ojú. Ohun tó ń pààlà láàárín wọn ni kábọ́ọ̀nù, èròjà kan náà tó kún inú èédú. Irin tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò tó 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún kò lè le tó láti gé igi, bó ti wù kí wọ́n mú un gbóná kí wọ́n sì rì í sínú omi tó. Irin géètì, ìṣó, páànù àti púpọ̀ nínú róòdù tí wọ́n fi ń kọ́lé wà ní ìpele yìí. Wọ́n dára fún òrùka èèkù àti ẹ̀mú, wọn kò dára fún ojú irinṣẹ́. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó máa ń tò léra wọn lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ní kábọ́ọ̀nù tó tó 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ni àǹfààní tó tóbi jù lọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà, nítorí kì í tètè kán, ó sì ń gba ojú dáadáa. Sípíríǹgì tó lọ́ roboto náà dára, bí wọ́n bá ti fi iná nà án tán. Fáìlì àlòkù le jù wọ́n lọ, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sábà máa ń tó 1 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó lé, nítorí náà ọ̀bẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fín ọnà ni ó yẹ ẹ́. Àmọ́ ó máa ń tètè kán bí iná ìkẹta kò bá tó o.

Ọ̀nà méjì ló wà láti dán irin wò kí èèyàn tó fi èédú ṣòfò lé e lórí. Bí wọ́n bá gbé e sí ẹ̀rọ ìlọrin, irin tí kò ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀ á máa ta iná gígùn tó lọ tààrà, èyí tó ní in lọ́pọ̀ á máa ta iná tó ń fọ́n ká yẹ́yẹ́ ní ìparí. Ọ̀nà kejì dájú jù. Kí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kan nínú irin náà, kí wọ́n mú un gbóná títí yóò fi pọ́n, kí wọ́n sọ ọ́ sínú omi, kí wọ́n sì fi fáìlì rin ín. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò lè jẹ ẹ́, irin náà yẹ fún ojú irinṣẹ́. Bí fáìlì bá ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn.

Ìkìlọ̀ méjì tọ́ síbí. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò, bíi páànù àti ọ̀pọ̀ páìpù omi, kò gbọ́dọ̀ wọ inú iná rárá, èéfín rẹ̀ a máa ṣe ẹni tó bá fà á símú bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì ni ojú irin rélùwéè. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ọ̀nà náà sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, torí náà irin rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni ní agbègbè yìí. Ohun ìjọba ni. Ẹni tó bá hú u jalè, ó sì fi ẹ̀mí èrò wéwu. Bí èèyàn bá nílò rẹ̀ fún irin ìlurin tí wọ́n ń lu irin gbígbóná lé lórí, kí ó rà á lọ́dọ̀ ẹni tó lè fi ìwé hàn pé òun rà á lọ́nà ẹ̀tọ́.

Àgbẹ̀dẹ kékeré kò gba ilẹ̀ púpọ̀. Ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi amọ̀ àti eérú tí wọ́n pò pọ̀ rẹ́ nínú ti tó fún ojú iná. Páìpù irin kan wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹwìrì ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà láyé àtijọ́: igi gbígbẹ́ oníhò méjì, tí wọ́n fi awọ bò lójú, tí wọ́n sì fi ọ̀pá méjì ń tì sókè-sódò ní ìkọ̀ọ̀kan. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń gbẹ́ ẹwìrì fún alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ ló sì ń rọ irin tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi gbẹ́ ẹ. Ní ọ̀pọ̀ àgbẹ̀dẹ lónìí, àgbá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ yí, tó ń fi okùn yí fáànù kékeré, ló ti gba ipò ẹwìrì. Ó ń fẹ́ dáadáa, ẹni kan sì lè máa fi ọwọ́ òsì yí i nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún mú irin.

Èédú igi líle ló dára jù, bíi ti ẹ̀mi tàbí ti àyàn. Èésan, ìyẹn èèpo líle tó bo ekùrọ́, ń jó gbóná gidigidi, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ti ń lò ó tipẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń fọ́ ekùrọ́ ni wọ́n ti ń rí i kó. Òkúta odò kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí iná, omi tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ lè mú kí ó bẹ́ lójijì. Fún ìlurin, kí wọ́n ri ègé irin tó wúwo, bí orí àásù ọkọ̀ akẹ́rù, mọ́ inú gẹdú tó dúró ṣinṣin nílẹ̀, kí ojú rẹ̀ ga tó ìbàdí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Òòlù tó wúwo tó kílò kan tó. Bí kò bá sí ẹ̀mú, kí wọ́n fi irin sílẹ̀ ní gígùn kí ọwọ́ lè dì í mú láì sún mọ́ iná, kí wọ́n tó gé e kúrò ní ìkẹyìn. Ó tún ṣe pàtàkì pé kí òrùlé wà lórí ibi iṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe torí òjò nìkan. Àwọ̀ irin gbígbóná ni alágbẹ̀dẹ fi ń mọ ìwọ̀n ooru, oòrùn ọ̀sán sì máa ń pa àwọ̀ náà rẹ́. Irin tó dà bí ẹni pé kò tíì pọ́n nínú oòrùn lè ti gbóná jù.

Àwọ̀ wọ̀nyí ni ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ ń kọ́, bí wọn kò tiẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ni. Ẹwìrì ni wọ́n máa ń fi ọmọdé sí fún ìgbà pípẹ́ kó tó fọwọ́ kan òòlù. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ìyà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó ti iná tí ó ń wo irin láràárọ̀ ti ń mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ àti pupa tó tó lù, ìmọ̀ yẹn kò sì sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lágbà, tí kò ní ọ̀gá, gbọ́dọ̀ fi ara balẹ̀ kọ́ ọ fúnra rẹ̀ lórí irin tí kò wúlò.

Irin ìgbẹ́gi pẹlẹbẹ, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní ṣísù, ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn rọ. Kí wọ́n gé ọ̀já kan lára sípíríǹgì pẹlẹbẹ, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, kí ó sì gùn tó 20. Bí iná bá ti jó dáadáa, kí wọ́n rì í sáàárín èédú, kì í ṣe sí orí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti inú páìpù má baà fẹ́ ẹ ní tààrà. Irin á kọ́kọ́ pọ́n dúdú, á wá pupa, á sì bọ́ sí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ibi àwọ̀ ọsàn yẹn, ní nǹkan bíi 1,000°C, ni iṣẹ́ òòlù wà. Bí ó bá kọjá rúsúrúsú tó ń lọ sí funfun, tí ẹ̀ta-iná bẹ̀rẹ̀ sí í ta lára rẹ̀, irin náà ti ń jóná, kò sì sí àtúnṣe fún ibi tó jóná. Kí wọ́n gé e sọnù ni. Bí ó bá sì ti padà sí pupa dúdú lábẹ́ òòlù, kí wọ́n dá a padà sínú iná. Ẹni tó bá ń lù ú lọ nígbà tó ti tutù ń gbin ìsán sínú rẹ̀, tí ojú kò ní rí títí di ọjọ́ tí yóò kán.

Ìdí irin, ibi tí yóò wọ inú èèkù, ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe. Kí wọ́n gbé e lé etí irin ìlurin, kí wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n yí i padà sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n tún lù ú. Bí wọ́n ti ń yí i bẹ́ẹ̀ ni ó ń gùn, tí ó sì ń tín-ín-rín ní igun mẹ́rin títí yóò fi ṣóńṣó. Kí wọ́n fi èjìká sílẹ̀ níbi tí ìdí ti pàdé ara irin, torí èjìká yìí ni kì í jẹ́ kí irin wọlé sínú èèkù jù, kí ó sì là á sí méjì bí òòlù bá bà á. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n kọjú sí ara irin, kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gún régé. Ibi ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ irin ìgbẹ́gi tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tẹ́jú kò lè gé ojú igi tó gún, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó. Dídà ojú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ òòlù. Fáìlì ni yóò ṣe é.

Bí ìrísí bá pé, òòlù ti da inú irin rú. Kí wọ́n mú un pọ́n níwọ̀nba, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ kí ó tutù nínú afẹ́fẹ́, kí wọ́n tún un ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìgbà ìkẹyìn, kí wọ́n rì í sínú eérú gbígbẹ tó gbóná, kí ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Irin tó tutù díẹ̀díẹ̀ báyìí a rọ̀ débi tí fáìlì á fi lè jẹ ẹ́. Fáìlì náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ojú. Kí wọ́n má ṣe mú ojú náà mú tán nígbà yìí, kí wọ́n jẹ́ kí ó nípọn tó mílímítà kan ó kéré tán. Ojú tó bá ti tín-ín-rín jù yóò jóná tàbí kí ó sán nínú iná kejì.

Iná kejì kúrú, ṣùgbọ́n òun ló ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́. Bí irin tó ní kábọ́ọ̀nù bá gbóná kọjá ìwọ̀n kan, ìtòlẹ́sẹẹsẹ inú rẹ̀ á yí padà, kábọ́ọ̀nù á sì yọ́ wọ inú rẹ̀. Bí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀, kábọ́ọ̀nù á tún jáde lọ sí àyè tirẹ̀. Bí ó bá tutù lójijì, kò ní rí àyè jáde, á há síbẹ̀, híhá yẹn ló sì ń mú irin le. Ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń wá kò ju 800 sí 850°C lọ. Alágbẹ̀dẹ àgbà ń fi ojú mọ̀ ọ́n. Olùbẹ̀rẹ̀ lè lo òòfà, irú èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́. Irin a máa fà mọ́ òòfà títí yóò fi gbóná dé nǹkan bíi 770°C, lẹ́yìn èyí kò ní fà mọ́ ọn mọ́. Kí wọ́n so òòfà náà rọ̀ mọ́ okùn wáyà lẹ́bàá iná, kí wọ́n máa fi irin kàn án. Bí kò bá ti fà á mọ́, kí wọ́n dá a padà sínú iná fún ìgbà díẹ̀ kí ó fi díẹ̀ pọ́n sí i, kí gbogbo ojú rẹ̀ sì ní àwọ̀ kan náà, lẹ́yìn náà kí wọ́n yọ ọ́.

Òróró ni wọ́n ń rì irin sípíríǹgì sí, kì í ṣe omi. Omi ń mú kí ó tutù yára jù, ó sì lè mú kí ó sán pẹ̀lú ìró kékeré kan tí kò sí alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ gbọ́. Òróró ẹ̀pà tàbí àdín dára. Kí wọ́n mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣáájú, torí òróró tó bá dì kì í ṣàn yí irin ká dáadáa. Òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù wọ́pọ̀ ní ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, kò sì dára fún ibi tí àwọn ọmọdé wà. Inú agolo irin tó ní ìdérí ni kí òróró wà, kì í ṣe inú ike, ìdérí náà sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kí wọ́n lè fi bò ó bí iná bá ràn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da omi sí òróró tó ń jó. Kí irin wọlé ní òòró, ojú rẹ̀ ni kó ṣáájú, kí wọ́n máa tì í sókè-sódò, kí wọ́n má ṣe gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì, nítorí ìgbọ̀nsọ́tùn-ún ló ń mú kí ó wọ́. Bí ó bá tutù, kí wọ́n fi fáìlì tọ́ ojú rẹ̀ wò. Bí fáìlì bá yọ̀, ó ti le.

Ní báyìí, irin náà le ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó lè kán. Ibí ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ti ń dúró, tí wọ́n á pọ́n ọn tí wọ́n á sì gbé e lọ sórí igi, tí igun ojú rẹ̀ á sì ṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á wá sọ pé irin burú. Irin kò burú. Iná ìkẹta ni wọn kò jẹ́ kí ó rí.

Kí wọ́n fi òkúta ìpọ́nrin tàbí sáńpépà fọ ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi máa dán, kí àwọ̀ lè hàn lára rẹ̀. Kí wọ́n mú ègé irin ńlá mìíràn gbóná títí yóò fi pọ́n, kí wọ́n sì gbé irin ìgbẹ́gi náà lé e, ìdí rẹ̀ ni kí ó kan gbígbóná, kì í ṣe ojú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára irin láti ìdí lọ sí ojú. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ló ń ṣáájú, ní nǹkan bíi 220°C. Rúsúrúsú tó jinlẹ̀ ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ ilẹ̀ pupa ní nǹkan bíi 260°C, lẹ́yìn rẹ̀ elésè àlùkò, lẹ́yìn rẹ̀ búlúù tó máa ń yọ ní nǹkan bíi 300°C. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tì èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wò ó kò gbọ́dọ̀ gbé ojú kúrò. Nígbà tí rúsúrúsú tó jinlẹ̀ bá dé ojú irin gan-an, kí wọ́n sọ ọ́ sínú omi lójú ẹsẹ̀ kí àwọ̀ má baà kọjá ibẹ̀. Fún ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń fín ọnà, àwọ̀ koríko gbígbẹ tó. Fún àáké tí yóò máa gba ìkọlù, kí wọ́n jẹ́ kí ó dé àwọ̀ ilẹ̀ pupa tàbí elésè àlùkò. Búlúù ti rọ̀ jù fún ojú tó ń gé igi, ṣùgbọ́n ó dára fún ìdí irin, ibi tí kò gbọ́dọ̀ kán.

Bí ọ̀nà yìí bá yára jù fún olùbẹ̀rẹ̀, èyí kan wà tó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n fi yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin lórí iná, bí àwọn tó ń yan ẹ̀pà ṣe ń ṣe, kí wọ́n sì rì ìdí irin sínú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ yọ síta. Yanrìn ń gbé ooru náà wá ní sùúrù, àwọ̀ á sì máa rìn débi tí èèyàn á fi lè rò ó kó tó yọ ọ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì nílé lè fi irin sí i ní 220°C fún wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ló rọrùn jù, ṣùgbọ́n gbogbo irin náà ni yóò ní líle kan náà láti ìdí dé ojú.

Irin ìgbẹ́gi tí ojú rẹ̀ tẹ̀, àáké àti irinṣẹ́ mìíràn ń gba ọ̀nà kan náà kọjá, ìyàtọ̀ wà nínú iṣẹ́ òòlù àti àwọ̀ iná ìkẹta nìkan. Fún irin ìgbẹ́gi tí ojú rẹ̀ tẹ̀, wọ́n á fi òòlù tí orí rẹ̀ rí roboto lu irin pẹlẹbẹ sínú ihò gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ sórí gẹdú, gẹdú náà á máa jóná bí irin gbígbóná ṣe ń bọ́ sínú rẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ a sì máa fi omi pa á. Àáké Yorùbá yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Ti òyìnbó ní ihò lórí irin tí èèkù ń gbà kọjá. Ti Yorùbá, irin fúnra rẹ̀ ní ìdí ṣóńṣó tó wọ inú orí èèkù tó nípọn, tí wọ́n sì máa ń dáná sun ihò rẹ̀ jáde. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣá igi, ìṣá náà ń tì irin wọlé sí i, àáké kì í sì í tú bí ó ti ń pẹ́. Irú kan tún wà tí ojú rẹ̀ dábùú èèkù bíi ti ọkọ́. Òun ni àwọn agbẹ́rè fi ń la ìrísí ère jáde lára igi tútù, kí wọ́n tó mú irin ìgbẹ́gi àti ọ̀bẹ, kí wọ́n sì tó fi ewé ìpín dán an. Olùbẹ̀rẹ̀ lè fi sípíríǹgì pẹlẹbẹ rọ gbogbo wọn.

Pípọ́n ni ó kù. Orí òkúta ìpọ́nrin tó tẹ́jú ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ́ ẹ̀yìn irin, kí wọ́n tó pọ́n ojú rẹ̀ ní igun digírì 25 sí 30. Igun 25 dára fún igi rírọ̀ bí ọ̀mọ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì. Igi apá tàbí ìrókò, tí wọ́n ń fi òòlù onígi lù lórí rẹ̀, ń fẹ́ igun 30 kí ojú má baà ṣẹ́. Bí etí fẹ́ẹ́rẹ́ bá yọ sí ẹ̀yìn irin, kí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí òkúta kí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì parí rẹ̀ lórí awọ. Ojú tó mú dáadáa á gé irun ọwọ́ láìsí pé èèyàn tẹ̀ ẹ́.

Fún èèkù, igi gúábà àti igi ọsàn dára, wọ́n le, wọn kì í tètè là. Kí igi náà ti gbẹ dáadáa. Kí wọ́n lu ihò sí àárín orí rẹ̀, kí ihò náà kéré díẹ̀ sí ìdí irin, kí wọ́n mú ìdí náà gbóná díẹ̀, kí ó sun àyè ara rẹ̀ wọlé, nígbà tí wọ́n fi akísà tútù wé ojú irin kí ooru má baà dé ibi tí iná ìkẹta ti ṣiṣẹ́ sí. Òrùka tí wọ́n gé lára páìpù irin ni wọ́n ń fi sí ẹnu èèkù kí ó má baà là nígbà tí òòlù bá bà á.

Àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì júbà Ògún, àwọn olùfọkànsìn rẹ̀ sì ṣì ń fi irin búra nílé ẹjọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì láàárín àwọn alágbẹ̀dẹ òní ń gba àdúrà tiwọn. Ìṣọ́ra tó bá ọ̀wọ̀ yẹn rìn ṣì kan gbogbo wọn: bàtà tó bo ẹsẹ̀, aṣọ òwú tí kì í yọ́ mọ́ ara, gíláàsì tó bo ojú, omi nínú garawa lẹ́bàá, ọmọdé lẹ́yìn ìlà tí wọ́n fà. Nígbà ọyẹ́, tí koríko gbẹ tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, kí wọ́n má ṣe dáná àgbẹ̀dẹ sí gbangba rárá.

Irinṣẹ́ tí wọ́n rọ bẹ́ẹ̀ ń pẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń pa á láìròtẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ìlọrin. Bí ẹni tó ń pọ́n ọn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta tó ń yí títí àwọ̀ búlúù fi yọ lójú rẹ̀, ibẹ̀ ti rọ̀, kò sì ní di ojú mú mọ́. Kí wọ́n máa bọ̀ ọ́ sínú omi léraléra kí ọwọ́ lè fara da ooru rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí búlúù bá ti yọ, kí wọ́n lọ apá yẹn kúrò pátápátá dé ibi tí irin ti funfun. Bí ó bá ti wọlé jù, ẹni tó rọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní àǹfààní tí ẹni tó rà á lọ́jà kò ní: kí ó yọ èèkù, kí ó dá irin padà sínú èédú, kí ó sì tún iná kejì àti ìkẹta ṣe fún un.